Ọmọ Oníbodè Nínú Pápá Bọ́ọ̀lù

Kí òyìnbó tó gbé irin wọ ìlú, kò sí ẹni tí ó gba ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà wọ Ẹdẹ tí kò kọ́kọ́ rí ojú Ògúnlànà. Òun ni oníbodè. Bàbá rẹ̀ ti ṣe é kí ó tó kàn án, bàbá bàbá rẹ̀ náà sì ti jókòó sórí òkúta kan náà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ńlá tí ó wà lára odi ìlú, tí ó ń wo ẹrù àwọn tó ń bọ̀. Ẹni tó ru iṣu mọ ohun tí yóò fi sílẹ̀, ẹni tó ru epo mọ tirẹ̀. Bí ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ kan bá fi ewé bo ohun tí kò fẹ́ kí a rí, Ògúnlànà á ní kí ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, nítorí pé kì í wo ojú ènìyàn. Ó ní ojú máa ń purọ́. Ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni òun máa ń wò ní tòun, ẹsẹ̀ ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo ju bí ó ti sọ lọ kò sì mọ irọ́ í pa.

Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló fòpin sí owó ibodè. Ó ní kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Òjò wó odi díẹ̀díẹ̀, ikán jẹ ilẹ̀kùn, àwọn obìnrin àdúgbò sì fi èyí tó ṣẹ́kù dáná. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Apá ibi tí ẹnubodè kankan kò sí ló gbà wọlé, ó ń pariwo, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni wo ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Ògúnlànà dé egungun. Ó búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ìdíkọ̀ rélùwéè títí òun yóò fi kú, ó sì padà lọ jókòó sórí òkúta rẹ̀. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń bá a níbẹ̀, tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tí kò sí mọ́. Àwọn tó ń lọ sóko á máa kí i, wọ́n á sì rọra máa fi ọwọ́ bo ẹ̀rín ẹnu wọn.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Àtàndá. Ẹni tó bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀, ó lè di aláwàdà, ó sì lè di olóríkunkun. Àtàndá kò fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀, ó kúkú di méjèèjì.

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí àrùn lúkúlúkú tó pa ènìyàn púpọ̀ kọjá, Àtàndá ń ru àpò òwú ní kọ́ńpìnnì òyìnbó kan lẹ́bàá ìdíkọ̀. Òyìnbó náà kì í ṣí fìlà koríko tó máa ń dé, nítorí náà ni gbogbo ayé ṣe ń pè é ní Onífìlà-Koríko. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn akọ̀wé rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá tó wà lẹ́yìn ilé òwú. Lọ́jọ́ kan, Àtàndá jókòó sétí pápá, ó ń jẹ èkùrù, nígbà tí akọ̀wé kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ ìgalà gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti rẹ àwọn tó ń lé e. Àtàndá dìde. Kò sáré, kò sì gbé èkùrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn dúró, ó ń wo ìbàdí ọkùnrin náà bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré, nígbà tí ìbàdí yẹn sì sọ ibi tí ó ń lọ, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù dúró sọ́dọ̀ rẹ̀, akọ̀wé náà sì ń sáré lọ ní òun nìkan.

Onífìlà-Koríko rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, orúkọ Àtàndá ti wà lára àwọn mọ́kànlá tí kọ́ńpìnnì ń sanwó fún nítorí bọ́ọ̀lù, nítorí òyìnbó tiwa àti òyìnbó kan tó ń ra kòkó ní Òṣogbo ń bá ara wọn díje lórí ọ̀rọ̀ náà bí orogún. Bákì ni wọ́n ní kí Àtàndá máa ṣe, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn, tí kì í jẹ́ kí alátakò rí àyè dé ojú òpó. Ó délé, ó ròyìn fún bàbá rẹ̀.

"Kí lo máa ń ṣe gan-an tí wọ́n fi ń sanwó fún ẹ?" ni Ògúnlànà bi í.

"Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni, Bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, mi ò ní jẹ́ kó kọjá."

"Ẹrù wo ni wọ́n ń rù?"

"Wọn ò rù nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá bọ̀."

Bàbá náà rò ó wò. "Kí ló wá wà lẹ́yìn ẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ẹ́ kọjá?"

"Òpó méjì ni, àti igi kan tí wọ́n gbé dábùú wọn lókè."

"Ilẹ̀kùn tí kò ní ìlú lẹ́yìn," ni Ògúnlànà wí. "Òyìnbó mà ń náwó." Ó yíjú padà sí ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà.

Ó dun Àtàndá díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti rí ohun tí Ọlọ́run dá a fún. Wọ́n bá àwọn rélùwéè gbá a, ẹnikẹ́ni kò kọjá. Wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ìwó, àwọn ará Ìwó gbé ẹni tó yára jù lọ nínú wọn sí ọ̀dọ̀ Àtàndá, nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí apá kejì. Àwọn tó ń wòran sọ ọ́ ní Ibodè. Bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á ké e, òun náà á sì gbé àyà síta. Ìgbéraga díẹ̀ kò ba bákì jẹ́. Bákì tó bá ń ṣiyèméjì, ọ̀nà ló jọ.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni wọ́n bá a tọrọ ìyàwó ní Awo. Sàrátù lorúkọ ọmọbìnrin náà. Òun àti ìyá rẹ̀ ló máa ń kó òwú wá sí kọ́ńpìnnì, Àtàndá ló sì máa ń bá wọn sọ ẹrù, ó ń rọra sọ ọ́, kí wọ́n má baà tètè lọ. Wọ́n gbé obì lọ, wọ́n gbà á. Láti ọjọ́ náà ni Àtàndá ti di ẹni tí ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ti rí. Ọkọ ìyàwó tí kò tíì gbé ìyàwó délé kò ní àbúrò nínú ilé àna. Bí ó bá pàdé wọn lóko, yóò dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá pàdé wọn nínú òjò, ẹrẹ̀ kò ní kó má dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sọ ẹrù iṣu kalẹ̀ ní ìkóríta Ara, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ọmọ ọdún méje kan tó ń jẹ àgbàdo, nítorí pé ọmọ náà jẹ́ ti ilé Sàrátù. Ọmọ náà ní kí ó dìde, ó sì ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Sàrátù kan wà tó ń jẹ́ Rájí. Ọdún mẹ́ta ni Àtàndá fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ta ní ń ka ọdún fún àna? Akọ̀wé ìwọ̀n kòkó ni Rájí ní Òṣogbo, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni Àtàndá ti fojú kàn án, nígbà Iléyá. Ó gbọ́ pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò gbọ́ pé òun ni Òṣogbo fi ń yangàn.

Ọjọ́ tí Òṣogbo wá sí Ẹdẹ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ wọn pẹ́ kí ó tó dé, bí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n wọ pápá. Kò sí àyè ìkíni. Ọkùnrin kan wà níwájú wọn tó ń fò bí eṣinṣin, ìgbà mẹ́rin ló gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ lọ́dọ̀ Àtàndá, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni Àtàndá gbà á. Kò wo ojú rẹ̀. Ìbàdí ló ń wò, ìbàdí kì í sì í sọ orúkọ olówó rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ góòlù kankan, ni ọkùnrin náà tún dé nígbà karùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ó sì la ẹnu.

"Àtàndá, ará ilé ńkọ́?"

Àtàndá gbójú sókè. Rájí ló rí. Kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe, ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àna rẹ̀ lè ríbi kọjá, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà nílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, àna mi." Rájí ní kí ó pẹ́ fún òun, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó méjèèjì.

Òṣogbo hó. Àwọn ìyá àgbà Ẹdẹ tí wọ́n dúró sétí pápá mi orí, wọ́n ní ọmọ tí a kọ́ tó gbọ́ ni. Onífìlà-Koríko ṣí fìlà rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú gbogbo ayé, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Fákọ̀yà, akọ̀wé àgbà kọ́ńpìnnì, ni ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù, òun náà ló sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó. Òun ló wá bá Àtàndá níbi tó jókòó sí lórí àpò òwú.

"Ó ní kí lò ń wá nílẹ̀," ni Fákọ̀yà wí. "Mo ní àna ẹ lo rí. Ó ní kí ni àna. Mo ṣàlàyé títí. Ó ní òun náà ní ìyá ìyàwó, òun ò sì dùbúlẹ̀ fún un rí."

"Àánú ìyàwó wọn ṣe mí," ni Àtàndá wí.

"Má bá mi ṣàwàdà. Sátidé méjì sí òní, Òṣogbo tún ń bọ̀ níbí, torí wọ́n ń kọ́ ilé kòkó sórí pápá tiwọn. Tí o bá tún lọ sílẹ̀ tí Rájí sì kọjá, ó ní òun á pa orúkọ ẹ rẹ́. O ò ní gbá bọ́ọ̀lù fún wa mọ́ láé."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àtàndá. Ó mọ̀ pé òun lè ru àpò níbòmíràn, òun sì lè roko. Ṣùgbọ́n níbo ni òun ti máa rí ibi tí òun yóò dúró sí, tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò máa pe òun ní Ibodè? Ẹ̀rù bà á. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú pápá rí, inú sì bí i pé ẹ̀rù lè ba òun.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ọ́, tó mọ̀ pé Rájí á wá kírun nílé, ó gba ọ̀nà Awo lọ. Ó bá a lórí ẹní lábẹ́ igi ọsàn, ó ń rin pákò. Àtàndá dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde.

"Àna mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ ti ọjọ́ bọ́ọ̀lù fún yín lónìí. Bí ẹ bá ní kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá, mo ṣe tán. Tí a bá wá pàdé nínú pápá, kí ẹ gbà pé mo ti kí yín."

Rájí yọ pákò lẹ́nu. "Ṣé o lè jẹun ọ̀tunla lónìí?"

"Rárá o."

"Ìkíni náà rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a bá rí ara wa la ń kí ara wa." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá wa ń bọ̀ wá wòran lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá rí ẹ tó o dúró gbagidi níwájú mi bíi pé ẹgbẹ́ ẹ ni mí, èmi ò ní sọ nǹkan kan. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ní ká dá obì yín padà. O sì mọ Bàbá wa."

Àtàndá mọ Bàbá wọn. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ ni, bó bá sì ti sọ ọ́, ó di òkúta.

Sàrátù sìn ín dé ẹ̀yìn ìlú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò kórìíra yín," ó ní. "Góòlù ló fẹ́ràn."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi fẹ́ràn yín." Kò tilẹ̀ wolẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. "Mo sì fẹ́ kí ẹ máa ṣe bákì yín lọ. Tí ẹ bá torí mi fi í sílẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ máa máa wò mí bí ẹni tó jí nǹkan yín. Ẹ lọ wá ọgbọ́n kan dá."

Ó rọrùn láti ní kí ènìyàn lọ dá ọgbọ́n. Láti Awo dé Ẹdẹ, Àtàndá kò rí ọ̀kan dá. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀, iṣẹ́ lọ. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, Sàrátù lọ. Ó gba ẹ̀yìn ìlú yọ sí ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, ó bá bàbá rẹ̀ lórí òkúta, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ògúnlànà gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Níbo lo dọ̀bálẹ̀ sí?"

"Nínú pápá ni, Bàbá."

"Pápá tóbi. Ṣé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni, àbí ojú ọ̀nà?"

Àtàndá rò ó. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni. Mo yẹ̀ fún wọn ná kí n tó dọ̀bálẹ̀."

"Ọmọ oníbodè," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tí wọ́n bu omi lù. "O yẹ̀ fún àlejò kó o tó kí i. Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó wá sọ ìtàn kan tí Àtàndá kò gbọ́ rí. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà, ọmọ ọba kan láti ọ̀nà jíjìn gun ẹṣin dé pẹ̀lú alágbàárù ogún. Kò fẹ́ fi ohunkóhun sílẹ̀. Ó ní ta ni oníbodè tí yóò dá ọmọ ọba dúró. Òótọ́ sì ni, oníbodè kò gbọ́dọ̀ dá ọmọ ọba dúró. Ńṣe ló gbọ́dọ̀ kí i. Nígbà tí ọmọ ọba sọ̀ kalẹ̀ láti wọlé, Ògúnlànà dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gan-an ló dọ̀bálẹ̀ sí, ó dábùú rẹ̀, orí lápá òpó kan, ẹsẹ̀ lápá òpó kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ó kí i, ó kí bàbá rẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀, ó kí àwọn olorì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí ẹṣin.

"Kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí mi," ni Ògúnlànà wí. "Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀ tó ń kí i, ó ti pè é ní òkú igi, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì ní tán títí dé ọmọọmọ. Ó dúró sínú oòrùn. Ọrùn ń dun àwọn alágbàárù. Mo ń kí i lọ. Nígbà tí mo máa fi kí i dé orí àwọn ajá bàbá ẹ̀, ó ti fi ohun tó yẹ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé mo rí i fín."

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Àtàndá wo òkúta tí bàbá rẹ̀ jókòó lé, ó wo ọ̀nà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ògúnlànà á yí òroǹbó lórí ilẹ̀, Àtàndá á dọ̀bálẹ̀ dábùú ọ̀nà rẹ̀, kí òroǹbó lè gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, kó sì dúró.

"Má tètè lọ sílẹ̀," ni bàbá rẹ̀ á máa wí. "Bí o bá tètè lọ, ó máa gba ẹ̀yìn ẹ yí ká. Bí o bá pẹ́, ó ti lọ. Dúró kí ìbàdí ẹ̀ sọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ń lọ sóko ń wò wọ́n, wọ́n ní ìbànújẹ́ ilẹ̀kùn ti wá ran ọmọ. Àtàndá jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹ̀rù tó bà á ti lọ, ọkàn rẹ̀ sì ti ń yán hànhàn fún Sátidé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, koríko tutù, gbogbo Ẹdẹ sì jáde. Bàbá Sàrátù jókòó lórí àga tí wọ́n gbé fún un, Sàrátù àti ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Àtàndá rí bàbá arúgbó kan tó dúró ní òdìkejì irin rélùwéè pẹ̀lú ọ̀pá, tí ó ń wo irin náà bí ẹni ń wo ejò. Ògúnlànà ni. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó gbé èkejì, ó sì wá dúró lẹ́yìn òpó tí ọmọ rẹ̀ ń ṣọ́. Omi lé ròrò sójú Àtàndá. Ó yára yíjú padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Fákọ̀yà ló kọ́kọ́ gbá góòlù kan wọlé fún Ẹdẹ. Kò pẹ́ sígbà náà ni Rájí gba bọ́ọ̀lù, ó ń bọ̀. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó dẹ ẹsẹ̀ bí ti àtijọ́, ó sì ké sí i.

"Àtàndá, ará ilé ńkọ́?"

Àtàndá dúró. Ó ń wo ìbàdí. Rájí retí pé kí ó yẹ̀, kò yẹ̀. Rájí sún bọ́ọ̀lù síwájú láti gba ọ̀tún kọjá, ìgbà yẹn gan-an ni Àtàndá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó dábùú ọ̀nà náà, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, àyà nínú omi. Bọ́ọ̀lù gbá a níhà, ó dúró. Rájí tí eré gbé dé orí rẹ̀ rí ọkọ àbúrò rẹ̀ nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ju apá sókè, ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, àna mi," ni Àtàndá wí láti ilẹ̀. "Ẹ kú ojú lọ́nà. Bàbá ńkọ́?" Ó dìde, ó gbá bọ́ọ̀lù lọ sí iwájú, ó sì gbọn omi nù lára.

Ẹ̀rín bẹ́ láti apá kan pápá dé apá kejì. Òyìnbó rélùwéè tó ń ṣe rẹfirí fọn fèrè, ó bi Fákọ̀yà pé kí ni ọkùnrin yẹn ń ṣe. Fákọ̀yà ní ó ń kí àna rẹ̀ ni. Òyìnbó ronú bóyá òfin bọ́ọ̀lù kan wà tó ní kí ènìyàn má kíni, kò rí ọ̀kan, ó sì ní kí wọ́n máa gbá a lọ.

Rájí tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò la ẹnu rárá, ó fẹ́ sáré kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ṣé àna tó bá dákẹ́ kì í ṣe àna mọ́ ni? Àtàndá tún dábùú rẹ̀, bọ́ọ̀lù tún dúró, ó sì kí i ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó kí ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà kẹta ló le. Ó kù díẹ̀ kí fèrè ìkẹyìn dún, Ẹdẹ sì ṣì fi góòlù kan ṣoṣo yẹn ṣíwájú. Inú ti ń bí Rájí. Ó gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, Àtàndá dúró dè é títí ẹ̀mí àwọn tó ń wòran fi fẹ́ bọ́, ó wá lọ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù bà á, ó sì ta fò díẹ̀ sí òdìkejì ara rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ níwájú òpó tó ṣí sílẹ̀, kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Kìkì Àtàndá tó wà nílẹ̀ ló wà láàárín bọ́ọ̀lù náà àti Rájí. Rájí gbé ẹsẹ̀ sókè. Àtàndá rí àtẹ́lẹsẹ̀ náà lókè ẹ̀yìn rẹ̀, kò mira. Ó ń kíni lọ.

"Rájí."

Ohùn náà kò ga. Láti orí àga tó wà létí pápá ló ti wá. Rájí dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí àkùkọ, ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ náà padà síbi tó ti gbé e wá. Àtàndá kí i tán, ó dìde, ó gbá bọ́ọ̀lù náà dé ẹ̀yìn ilé òwú.

Nígbà tí fèrè dún, Onífìlà-Koríko fúnra rẹ̀ wá gbọn Àtàndá lọ́wọ́, ẹrẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Àtàndá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn lojú rẹ̀ wà. Ó lọ síwájú àga, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Rájí sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ nídìí ṣòkòtò. Bàbá wọn wo Rájí lákọ̀ọ́kọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin yìí kí ẹ," ó ní. "Mi ò gbọ́ kó o dáhùn lẹ́ẹ̀kan."

Rájí fi ọwọ́ ha orí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà, nítorí ènìyàn burúkú kọ́. "Ará ilé ń kí ẹ, Àtàndá," ó ní. "Dìde, jọ̀ọ́."

"Kí wọ́n wá mú ọjọ́ ìyàwó," ni Bàbá wọn wí, ó sì dìde lọ. Sàrátù tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ìwo yẹn nìkan sì tó Àtàndá ní oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí pápá tú, ó wá bàbá rẹ̀ lọ. Ògúnlànà ṣì wà nídìí òpó. Ó ń fi ọwọ́ pa ọ̀kan nínú wọn, ó ń fi èékánná ha ìdí rẹ̀.

"Igi wo ni wọ́n fi ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti kó o wá."

"Ikán á jẹ ẹ́. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ níbí." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọn láti òpó kan dé èkejì, ó mi orí. "Ó fẹ̀ ju tiwa lọ. O gbìyànjú." Wọ́n jọ rìn lọ sílé, wọ́n sì gba orí irin kọjá láìsọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn tó ń lọ sóko gba ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, wọ́n bá òkúta ní òun nìkan. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n rán ènìyàn sí Àtàndá níbi iṣẹ́ pé wọn kò rí bàbá rẹ̀. Àtàndá sọ àpò kalẹ̀, ó sáré gba ẹ̀yìn ilé òwú. Ó bá Ògúnlànà lórí àpótí kékeré láàárín òpó méjèèjì. Ó ti bu eérú sí ìdí wọn nítorí ikán, ó ń kí àwọn tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì ń wo ẹrù wọn.